Orúkọ Inú Gúgúrú

Àwọn tí kò sí níbẹ̀ ló máa ń sọ pé ayé ìgbà ogun dùn. Lọ́dọọdún ní Kessler Junction, ní ìpínlẹ̀ Nebraska, àwọn ọmọbìnrin tí wọn kò tíì bí nígbà náà a máa kun ètè wọn ní pupa, wọn a ká irun wọn bí wọ́n ṣe ń ká a ní 1943, wọn a gbé orin àtijọ́ sórí giramafóònù níwájú ibùdókọ̀ rélùwéè tí ọkọ̀ kankan kì í dúró sí mọ́. Wọn a wá máa nu omi ojú lórí ohun tí kò ṣẹlẹ̀ sí wọn. Ìtàn tí wọ́n sì fẹ́ràn jù ni ti Verna Sorensen, ọmọbìnrin tó fi orúkọ ara rẹ̀ sínú gúgúrú, tó sì tibẹ̀ rí ọkọ. Wọ́n ń sọ ọ́ bí ẹni pé ohun ìrọ̀rùn ni. Ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí nìkan ni wọ́n ń sọ, wọn a fo àárín. Àárín yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Ní oṣù kẹta ọdún 1943, ọkọ̀ ojú irin tó kún fún sójà ń gba Kessler Junction kọjá ní ìgbà mẹ́wàá sí méjìlá lóòjọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan fi ń dúró láti gba omi. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn, àwọn obìnrin ìlú a sáré jáde pẹ̀lú búrẹ́dì ẹlẹ́yin, kọfí gbígbóná àti kéèkì. Ti àwọn ọmọge ni gúgúrú. Wọn a da káàdì ṣúgà tí ìjọba ń pín fún ilé kọ̀ọ̀kan pọ̀, wọn a se ṣúgà náà títí tó fi máa fà, wọn a fi po gúgúrú, wọn a rọ ọ́ ní bọ́ọ̀lù. Ọmọge tí kò bá tíì lọ́kọ a kọ orúkọ àti àdírẹ́sì rẹ̀ sínú ìwé pélébé, a fi í sí àárín bọ́ọ̀lù náà. Ẹni tó bá bù ú jẹ ló máa rí i.

Verna pé ọmọ ogún ọdún, kò sì tíì fi orúkọ rẹ̀ sínú gúgúrú rí. Bàbá rẹ̀ ni kò jẹ́. Anker Sorensen ni òṣìṣẹ́ tó ń tẹ wáyà nínú ibùdókọ̀ náà. Bí ọmọ ẹnikẹ́ni bá kú lójú ogun, ọwọ́ Anker ni wáyà ìjọba máa kọ́kọ́ bọ́ sí. Kò rán ẹnikẹ́ni. Fúnra rẹ̀ ló ń dà á kọ, tó ń wọ kóòtù rẹ̀, tó ń fẹsẹ̀ rìn dé ilé onílé. Ó ti gbé e dé ilé mọ́kànlá.

"Ẹni tó bá fẹ́ sójà," ó máa ń wí nídìí oúnjẹ, "wáyà ló fẹ́."

Ìyá Verna ti kú látìgbà tí ọmọ náà wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin, Àǹtí Thyra, opó tó ń gba àlejò sílé, ló ń ṣe bí ìyá fún un. Ẹnu Àǹtí Thyra kì í sinmi.

Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, Verna kun ẹsẹ̀ rẹ̀ ní àwọ̀ pupa rúsúrúsú, ó fi lẹ́ẹ̀dì fa ìlà sẹ́yìn ẹsẹ̀ bí ẹni wọ ìbọ̀sẹ̀ sílíkì, nítorí ìjọba ti kó gbogbo ìbọ̀sẹ̀ gidi lọ ṣe ohun ìjà. Ó sì kọ orúkọ rẹ̀. Kò sọ fún ẹnì kankan. Ó mú bọ́ọ̀lù gúgúrú rẹ̀ dání nígbà tí ọkọ̀ àárọ̀ dúró.

Sójà kan bọ́ sílẹ̀, ó ga débi pé ó ní láti tẹrí ba kó tó lè jáde lẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀. Eyín iwájú rẹ̀ kan ti kán díẹ̀.

"Kí lèyí, arábìnrin?"

"Gúgúrú ni. Ẹ rọra bù ú jẹ o, ìwé wà nínú ẹ̀."

"Ìwé kí ni? Ìwé owó orí?"

"Orúkọ mi ni."

"Háà! Ṣé kí n wá gé orúkọ rẹ jẹ ni?" Ó ti ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ ọ̀rọ̀ náà tán. Fèrè ọkọ̀ dún, ó gba gúgúrú àti kọfí, ó sáré padà. Verna kò béèrè orúkọ rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú mẹ́fà lọ.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún, lẹ́tà dé. Orúkọ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ni Leland Hruska, ọmọ Marrow Creek ní Pennsylvania. Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ mọ́ bí ìwé ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní: "Mo rí orúkọ rẹ. Gúgúrú náà dùn. Mi ò mọ ohun tí èèyàn ń sọ fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, nítorí náà màá sọ ohun tí mo jẹ lónìí fún ọ." Ó sì sọ ọ́, láti orí ẹ̀wà inú agolo dórí bisikí líle tó ní aránbàtà bíi òun lè fi ṣe gìgísẹ̀ bàtà. Verna rẹ́rìn-ín níbi tó jókòó sí.

Ó fèsì lọ́jọ́ náà. Ó kọ ọ́ pé: "Mo rántí rẹ dáadáa, ìwọ tó ga tí orí rẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òrùlé ọkọ̀, tí eyín iwájú rẹ kán."

Èsì padà wá. "Inú mi dùn gan-an pé o kọ̀wé," ni Leland wí. Nípa gíga àti eyín, kò sọ nǹkan kan. Ó bọ́ sórí ọ̀rọ̀ òjò.

Báyìí ni lẹ́tà ń lọ, tó ń bọ̀. Leland kò mọ bí a ti ń pọ́nni, kò pè é ní òdòdó tàbí oṣù. Ó ń béèrè bóyá òtútù Nebraska ti dínkù, bóyá Àǹtí Thyra ti bá ọkùnrin tó ń gbé wàrà wá parí ìjà. Verna náà ń sọ ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni fún un. Lójoojúmọ́ ló ń di ojú ọkùnrin gíga yẹn mọ́ ọwọ́ ìkọ̀wé mímọ́ yìí, títí wọ́n fi di ẹnì kan ṣoṣo lọ́kàn rẹ̀. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó fi fọ́tò ránṣẹ́. Leland ní kò sí ayàwòrán nínú kòtò ogun.

Ìlú kékeré kò ní àṣírí. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi dé etí Anker.

"Verna, ta ni ń jẹ́ Hruska?"

"Ọ̀rẹ́ mi ni, Bàbá."

"Ọ̀rẹ́ tí o rí fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá?"

"Ìṣẹ́jú mẹ́fà ni, sà."

Àǹtí Thyra, tó ń bu ọbẹ̀ lọ́wọ́, yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí wọ́n má baà rí ẹ̀rín rẹ̀.

"Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín, Thyra." Anker gbé ṣíbí sílẹ̀. "Gbọ́, ọmọ mi. Bó bá kú, ọ̀dọ̀ ìyá ẹ̀ ni wáyà máa lọ. O ò jẹ́ ìyàwó, o ò jẹ́ ẹbí. Kò sẹ́ni tó máa wá kan ilẹ̀kùn fún ọ. Lẹ́tà tìrẹ ni wọ́n kàn máa dá padà, pẹ̀lú òǹtẹ̀ lórí ẹ̀. Mo ń rí àwọn ọmọbìnrin yẹn. Wọn ò lè wọ aṣọ ọ̀fọ̀, wọn ò sì lè sọ pé ó ń dùn wọ́n."

"Bó bá rí bẹ́ẹ̀, Bàbá, màá gbà á padà."

"Má kọ̀wé sí i mọ́."

"Ẹ má bínú, sà. Màá kọ ọ́."

Anker kò lù ú, kò pariwo. Ó kàn dìde lórí oúnjẹ. Ìyẹn dun Verna ju ẹgba lọ, ṣùgbọ́n kò jáwọ́.

Ní oṣù kejì ọdún 1944, lẹ́tà dá. Ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Verna kò lè jẹun. Bí bàbá rẹ̀ bá ti wọlé, ojú rẹ̀ ló ń wò. Nígbà tó yá, ìwé kúkúrú kan dé láti Ítálì: "Ọ̀rẹ́ mi kan kú nígbà tí à ń sọdá odò. Má bínú pé mo dákẹ́. Verna, bí mo bá yàtọ̀ sí bí o ṣe rò mí, ṣé wàá ṣì máa kọ̀wé?"

Verna rò pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n gé. Ó sunkún títí, ó wá kọ ọ́ pé: "Bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ kan ló kù, màá máa kọ̀wé sí ẹsẹ̀ tó kù." Leland fi lẹ́tà yẹn sínú àpò àyà rẹ̀ títí ogun fi parí. Kò sọ òótọ́ síbẹ̀. Nígbà tí ogun parí ní Yúróòpù, ó béèrè pé, "Bí wọ́n bá dá mi sílẹ̀, ṣé kí n wá, kí n wá tọrọ rẹ lọ́wọ́ bàbá rẹ?" Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Verna fi dá a lóhùn: "Wá."

Ọjọ́ kejìlá oṣù Kejìlá, 1945. Yìnyín bo ilẹ̀. Verna wọ kóòtù aláwọ̀ ewé tí Àǹtí Thyra yá a, ó dúró sójú ibi tó dúró sí ní ọdún méjì àti oṣù mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Àwọn sójà ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń gbójú sókè wá ẹni tó ga jù. Àwọn gíga kọjá. Èrò tán nílẹ̀. Ọkùnrin kúkúrú kan, elétí ńlá, ló ṣẹ́ kù, ó di fìlà mú lọ́wọ́ méjèèjì.

"Verna."

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ṣé ẹ bá Leland wọkọ̀ ni? Ṣé kò sí nǹkan?"

"Èmi ni Leland."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó rò pé àwàdà ni. Ọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín.

"Wendell Oakes lo fún ní gúgúrú. Eyín ń ro ó, kò lè jẹ ohun dídùn, ó wá fún mi. Ojú fèrèsé ni mo wà, mo rí ọ. Ìwọ ò rí mi. Wendell ló kú sódò." Ó ń yí fìlà náà lọ́wọ́. "Mo kọ òótọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, mo fà á ya lẹ́ẹ̀mẹrin. Mo ní bí mo bá kú, kí ló kàn ẹ́ pé mo kúrú? Mi ò wá kú."

Verna wò ó. Ohùn àjèjì, ojú àjèjì, ó sì mọ gbogbo àṣírí òun. Ìtìjú ló kọ́kọ́ mú un, ìbínú tẹ̀ lé e.

"Ọdún méjì! Mo ń bá òkú sọ̀rọ̀ o sì ń dá mi lóhùn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Padà sílé ẹ."

Ṣùgbọ́n yìnyín ti dí ọ̀nà ọkọ̀ tó ń lọ sí ìlà oòrùn, Àǹtí Thyra sì ti yọ lẹ́yìn ògiri níbi tó ń ṣọ́ wọn. "Ṣé òtútù lo fẹ́ fi pa ọmọ ọlọ́mọ ni? Yàrá ẹ̀yìn ṣófo nílé mi. Máa bọ̀, ọmọkùnrin."

Ọ̀nà ṣí lọ́jọ́ kẹta, Leland kò lọ. Ó tún bàtà Àǹtí Thyra ṣe, ó tún ti aládùúgbò ṣe, títí bàtà fi kún ojúlé bí ọjà. Kò wá bẹ Verna nílé. Àǹtí Thyra ló ń lọ, tó ń bọ̀.

"Ó ní kí n bá òun kí ẹ."

"Mi ò gbọ́, Àǹtí."

"Ó dáa. Ó ní kí n má bá òun kí ẹ, nígbà náà. Ṣé o ti gbọ́ ìyẹn?"

"Àǹtí, ẹ ò rí i bó ṣe kúrú ni?"

"Mo rí i. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ọkọ tèmi ga, kí ló gbé e ṣe? Ó kàn ń forí gbá òrùlé ni."

Lóòótọ́, kì í ṣe gíga ló ń dun Verna. Ó ń ṣọ̀fọ̀ ọkùnrin tí kò mọ̀, ó sì ń bínú sí ọkùnrin tó mọ̀. Bó bá ka lẹ́tà, ìfẹ́ á dé. Bó bá gbé lẹ́tà sílẹ̀, ojú Wendell á dé. Èwo nínú wọn ni òun fẹ́? Bí ẹni bá lè dákẹ́ fún ọdún méjì, kí ni kò ní dákẹ́ lé lórí nínú ilé ọkọ?

Inú Anker dùn, kò sì fi pa mọ́. "Ọlọ́run ló yọ ọ́," ó wí lálẹ́ ọjọ́ Àìkú kan nídìí oúnjẹ. "Òpùrọ́ ni. Jẹ́ kó máa lọ."

Àǹtí Thyra ju aṣọ ìnuwọ́ sílẹ̀. "Anker, sọ fún ọmọ yìí, àbí kí n sọ ọ́."

"Thyra."

"Ó pé ọdún kan àbọ̀ tí mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí mì, ó ti tó. Verna, ṣé o mọ̀ pé àwọn atẹ-wáyà máa ń fi wáyà bára wọn tàkúrọ̀sọ bí iṣẹ́ bá dẹ̀? Bàbá rẹ béèrè Hruska lọ́wọ́ Ives, atẹ-wáyà Marrow Creek, láti inú oṣù kẹfà 1944. Ives ní ọmọ aránbàtà ni, ọmọlúàbí ni, kò ga dé èjìká òun. Bàbá rẹ mọ̀. Ó gbọ́ tí ò ń pè é ní ẹni gíga lójoojúmọ́, ó dákẹ́."

Verna yíjú sí bàbá rẹ̀. "Bàbá?"

Anker ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Mo ní bí o bá rí i, wàá já a sílẹ̀, wàá wà lọ́dọ̀ mi. Mo ti gbé wáyà dé ilé mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, Verna. Mo fẹ́ kí ilé mi yọ nínú ẹ̀."

Verna ti àwo oúnjẹ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ tutù. "Ìyẹn ni pé òpùrọ́ méjì ni mo ní. Ọ̀kan bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, kó tó kí mi dáadáa ló ti jẹ́wọ́. Èkejì, Àǹtí ló fipá fà á lẹ́nu ẹ̀."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ó gba ilé Àǹtí Thyra lọ. Leland jókòó nídìí tábìlì ilé ìdáná, ìṣó bàtà mẹ́ta lẹ́nu rẹ̀. Ó dìde, ó tu ìṣó náà sọ́wọ́. Verna dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ tó ń ṣàn lórí ìwé fún ọdún méjì kò jáde lẹ́nu àwọn méjèèjì. Àǹtí Thyra wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Ẹ̀yin èèyàn yìí, ẹ̀yin ò mọ ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹ jókòó." Ó gbé ìwé àti lẹ́ẹ̀dì méjì sórí tábìlì. "Ẹ kọ ọ́. Èmi ni ilé ìfìwéránṣẹ́."

Wọ́n jókòó ní ojúkojú, wọ́n sì ń kọ̀wé síra wọn. Àǹtí Thyra ń gba ìwé níhìn-ín, ó ń gbé e yí tábìlì ká pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó ń fi í lé ẹni tó ni ín lọ́wọ́. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé á rò pé orí wọn ti dàrú.

Verna kọ: "Báwo ni Wendell ṣe rí?"

Leland kọ: "Ó máa ń rẹ́rìn-ín àwàdà ara rẹ̀ kó tó sọ ọ́ tán. Ó lawọ́. Èmi ni wọ́n ní kí n kọ̀wé sí ìyá rẹ̀, torí ọwọ́ mi mọ́. Mo kọ ọ́ pé ọmọ rẹ̀ máa ń fi ohun dídùn tọrẹ."

"Ṣé ó máa ń sọ̀rọ̀ mi?"

Lẹ́ẹ̀dì Leland dúró. Verna ń wò ó. Ó rí i pé irọ́ rírọrùn kan wà níbẹ̀ tí Leland lè pa, tí òkú ò sì ní jà á níyàn. Ó pẹ́ kí ìwé tó yí tábìlì ká.

"Rárá. Kí a tó dé ibùdókọ̀ kejì, ó ti gbàgbé rẹ. Má bínú. Nígbà tó kú, mo dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta torí ó ń ṣe mí bíi pé àyè rẹ̀ ni mo gbà. Mo tún wá kọ̀wé torí pé lẹ́yìn ìyá mi, kò sí ẹlòmíràn láyé tó ń dúró láti gbọ́ bóyá mo ti jẹun."

Verna kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó dùn ún, ó dùn ún gan-an, ó sì bú sẹ́rìn-ín lórí ẹkún. Ọdún méjì àti oṣù mẹ́sàn-án ló ti fi gbé ojú ẹni tó gbàgbé rẹ̀ ní ibùdókọ̀ kejì kiri. Ó fa ìwé mọ́ra, ó kọ ọ̀rọ̀ kúkúrú. Àǹtí Thyra, tó ti kà á lọ́nà kó tó gbé e dé, bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún kí Leland tó rí i. Ohun tó wà níbẹ̀ ni: "Ṣé o ti jẹun?"

Ó bá bàbá rẹ̀ ní ibùdókọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Leland tẹ̀ lé e. "Bàbá, mo fẹ́ fẹ́ ẹ lọ́jọ́ Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ̀yin ni mo fẹ́ kó fà mí lé e lọ́wọ́. Bí ẹ ò bá fà mí, màá dá rìn."

Anker wo ọkùnrin kúkúrú náà láti orí dé ẹsẹ̀, kò sì jìnnà. "Ìyá rẹ mọ̀?"

"Rárá, sà. Ọjọ́ márùn-ún ni lẹ́tà máa lò. Mo ní kí n tẹ wáyà."

"Ṣé o ya wèrè ni?" Anker dìde. "O ní ẹ̀gbọ́n tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ológun?"

"Àbúrò, sà. Ó wà ní Jámánì."

"O wá fẹ́ kí wọ́n gbé wáyà dé ojúlé obìnrin yẹn! O ò mọ bí àwọn ìyá ṣe ń di férémù ilẹ̀kùn mú bí wọ́n bá rí wáyà. Èmi mọ̀ ọ́n." Ó jókòó, ó nu awò ojú rẹ̀ pẹ́, pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. "Kúrò níbẹ̀. Èmi ni màá tẹ̀ ẹ́."

Ó pe Ives ní Marrow Creek. Ó ní kó gbé e lọ fúnra rẹ̀, kó má rán ẹnikẹ́ni, kó sì pariwo láti ẹnu géètì pé ìròyìn ayọ̀ ni kí obìnrin náà tó rí ìwé. Ó wá tẹ̀ ẹ́ pé àgbà ọmọ obìnrin náà máa fẹ́ ọmọ òun. Nígbà tó tẹ̀ ẹ́ tán, ó lé wọn lọ sílé.

Oòrùn ń lọ wọ̀ nígbà tí èsì dé. Anker dà á kọ pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀ tó tọ́, ó pa á pọ̀, ó wọ kóòtù rẹ̀, ó sì fẹsẹ̀ rìn gba ojú pópó ńlá bó ti máa ń ṣe. Àwọn obìnrin tó rí i lójú fèrèsé fọwọ́ bo ẹnu, nítorí ara kì í tètè gbàgbé. Verna náà rí i lókèèrè. Ó mọ̀ pé kò sí ogun mọ́, síbẹ̀ ó di férémù ilẹ̀kùn mú.

"Ayọ̀ ni!" Anker kígbe láti ẹnu géètì, ọkùnrin tí ìlú kò gbọ́ ariwo rẹ̀ rí. "Verna! Ayọ̀ ni!"

Ó gun àtẹ̀gùn, ó ń mí hẹlẹ, ó ka ìwé náà fún un. Ives ní: "Mo pariwo, ṣùgbọ́n ó ti jókòó sílẹ̀ nínú yìnyín kó tó yé e. Ó ti ń rẹ́rìn-ín báyìí. Ó ní kí n béèrè bóyá ọmọbìnrin náà mọ̀ pé ọmọ òun kúrú."

Verna gba ìwé náà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ó fi nu ojú, ó sì tún nà án padà sí i.

"Ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́ padà, Bàbá. Ẹ ní mo mọ̀."